Ìbéèrè táwọn èèyàn ń bi wá ní Òṣogbo nípa àdéhùn àti ìwé àṣẹ ilé àtòpọ̀

Iṣẹ́ yíya plánù ilé, àti títọ ipasẹ̀ ìwé rẹ̀ títí dé ọ́fíìsì ìjọba, ni mo ń ṣe ní Òṣogbo. Tẹ́lẹ̀, ilé búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ẹni tó bá wọlé tọ̀ wá ń bá wá. Nísinsìnyí, fóònù ni wọ́n ń nà sí mi: fọ́tò ilé kan tó ń dán gbinrin, tí wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni wọ́n á fi tò ó. Iye owó rẹ̀ ni wọ́n sábà ń fẹ́ bá mi sọ. Èmi a sì bi wọ́n ní nǹkan méjì: ìwé wo lẹ ti fọwọ́ sí, ilẹ̀ wo lẹ sì fẹ́ gbé e lé? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sanwó kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn ló ń dùn mí. Ìdí nìyí tí mo fi kọ àwọn ìbéèrè wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bi mí, pẹ̀lú èsì tí mo fún wọn.

Kí ni wọ́n ń pè ní ilé àtòpọ̀? Ṣé kọ́ńténà ni?

Rárá. Ilé àtòpọ̀, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní modular, ni ilé tí wọ́n kọ́ ní abala-abala sínú ilé iṣẹ́. Abala kọ̀ọ̀kan ti ní ògiri àti àjà tirẹ̀. Nígbà míì, wáyà iná àti páìpù omi ti wà nínú rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Tírélà ló ń gbé e wá, kéréènì á sì gbé e lé orí ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti ṣe dè é. Kọ́ńténà ní tirẹ̀, ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ. Àwọn kan ń gé fèrèsé sí i lára, wọ́n ń kùn ún, wọ́n sì ń tà á bí ilé. Ẹ̀yà kẹta tún wà, tó jẹ́ pé ògiri pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni wọ́n ń kó wá, orí ilẹ̀ yín ni wọ́n á ti so wọ́n pọ̀.

Orúkọ kan náà làwọn ajẹ́ńtì ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ẹ rà nínú wọn, ohun tí wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀, bó ṣe nípọn tó, àti irú páànù tó wà lórí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́, ohun tó wà lákọsílẹ̀ ló máa kà.

Ẹni tó ń tà á sọ pé ilé tó ṣeé gbé kò nílò ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ṣé òótọ́ ni?

Kì í ṣe òótọ́, mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn. Òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1992 sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan sórí ilẹ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwé tí ilé iṣẹ́ náà bá gbà ní Èkó kò lè ṣiṣẹ́ fún yín ní Òṣogbo. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló máa fọwọ́ sí èyí tó máa dúró sórí ilẹ̀ Ọ̀ṣun.

Àwọn òṣìṣẹ́ town planning kì í wò ó bóyá búlọ́ọ̀kù ni ògiri rẹ̀ tàbí irin. Tí ìpìlẹ̀ bá ti wọ ilẹ̀, tí ẹ ti gbẹ́ sokaawéè, tí èèyàn sì ń sùn nínú rẹ̀, ilé ni. Àmì X pupa tí wọ́n ń kọ sára ilé búlọ́ọ̀kù tí kò níwèé ni wọ́n máa kọ sára tiyín náà.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ilé iṣẹ́ náà ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀?" Ó lè ní in lóòótọ́. Ìwé yẹn ń sọ pé wọ́n kọ́ ilé náà dáadáa. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní tirẹ̀ ń sọ pé ibi tó yẹ kó wà ló wà: pé ó jìnnà sí títì tó bó ṣe yẹ, pé kò wọ inú ilẹ̀ aládùúgbò, pé kò sí lójú omi. Ilé iṣẹ́ tó wà ní ìlú mìíràn kò lè bá yín jẹ́rìí ìyẹn.

Níbo ni mo ti máa gbà á, kí ni mo sì máa mú dání?

Sẹkitéríàtì ìjọba ní Abéré ni olú ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilẹ̀ àti ètò ìlú wà, wọ́n sì ní ọ́fíìsì sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo wà, Ọlọ́rundá wà, ìgboro kan náà sì ni ojú ń rí. Bí ẹ bá rìn díẹ̀ sí apá Ọ̀fatẹ̀dó tàbí Ìdó-Ọ̀ṣun, ẹ ti wọ ilẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ, bẹ́ẹ̀ "Òṣogbo" ni ajẹ́ńtì kọ sórí pátákó rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ yín wà, kí ẹ má baà máa sanwó fọ́ọ̀mù ní ibi tí kò kàn yín.

Ohun tí wọ́n sábà ń béèrè ni ẹ̀rí pé ẹ ni ẹ ni ilẹ̀, ìwé sọ́fè, plánù ilé tí ayàwòrán ilé tó ní ìwé àṣẹ ARCON fọwọ́ sí, àwòrán bí ilé ṣe máa dúró tí ẹnjiníà tó wà nínú ìwé COREN lu èdìdì lé, àti ẹ̀rí pé ẹ ti san owó orí. Nípa ti ilé àtòpọ̀, àwòrán ẹnjiníà ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ á gbé àwòrán tirẹ̀ wá láìsí èdìdì ẹnjiníà ilẹ̀ wa lórí rẹ̀. Wọ́n á dá a padà ní ọ́fíìsì. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó ń tà á ló máa pèsè àwòrán tí ẹnjiníà COREN ti lu èdìdì lé, owó rẹ̀ sì ti wà nínú iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí.

Fún gbogbo owó tí ẹ bá san ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹ gba rìsíìtì.

Ilẹ̀ baba wa ni, inú agboolé wa ló wà. Ta ló tún máa bi mí léèrè?

Àwọn àbúrò yín, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, àti àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí. Ó máa ń ṣòro fún mi láti sọ ọ́, torí ẹni tó ń béèrè máa ń rò pé mò ń ba ilé àwọn jẹ́ ni. Àmọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ ẹbí ti gbogbo ẹbí ni. Ẹni tó bá kọ́lé sórí rẹ̀ lè máa gbé inú ilé náà, ṣùgbọ́n ilé tó kọ́ kò sọ ilẹ̀ di tirẹ̀ nìkan. Òfin wá fi kún un pé ohun tó bá ti fìdí mọ́ ilẹ̀ ti di ara ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó. Owó òógùn yín lẹ fi ra ilé náà. Nígbà tó wà nílé iṣẹ́, ọjà tí ẹ rà ni. Ọjọ́ tí kéréènì gbé e kalẹ̀, tí wọ́n dè é mọ́ ìpìlẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti gbogbo yín, àríyànjiyàn lórí ilé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo mọ ìyá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ra ilé oníyàrá méjì fún. Ìwé ilé pé, owó ilé pé. Kò sẹ́ni tó bá àwọn ọmọ ìyàwó kejì bàbá wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí kéréènì dé, ọmọkùnrin kan lọ jókòó sáàárín ìpìlẹ̀, ó ní àfi kí wọ́n gbé ilé náà lé òun lórí. Ọjọ́ méjì ni kéréènì fi dúró, wọ́n sì sanwó ọjọ́ méjèèjì. Mo lọ bá wọn bẹ ọmọkùnrin náà, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀: kì í ṣe pé ó kórìíra ìyá náà, ohun tó ń dùn ún ni pé fọ́tò lórí WhatsApp ló fi mọ̀ pé wọ́n ń kọ́lé sórí ilẹ̀ bàbá òun.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ pe ìpàdé ẹbí, kí ìdí igi kọ̀ọ̀kan ní aṣojú níbẹ̀. Kí ẹbí pín ilẹ̀ náà, tàbí kí wọ́n yọ̀ǹda apá kan fún yín pátápátá, kí lọ́yà sì kọ ọ́ sínú ìwé. Olórí ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí àwọn àgbààgbà ẹbí náà sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ti là á kalẹ̀ tipẹ́ pé bí wọ́n bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsí àwọn àgbààgbà yòókù, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n yí i padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí sọ́fíọ̀ tó wà nínú ìwé SURCON wọn ìpín yín sọ́tọ̀, kó sì ri òkúta sọ́fè mọ́lẹ̀ níṣojú gbogbo wọn.

Èmi ra ilẹ̀ tèmi, ẹni tó tà á fún mi sì ní C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀. Ṣé ó tán?

Ó ku ẹyọ kan. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ní C of O gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà kó tó gbé e fún ẹlòmíràn. Láìsí ìyọ̀ǹda yẹn, orúkọ ẹni tó tà á ló ṣì wà ní Abéré. Ẹ ní kí lọ́yà yín wádìí ní ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ilé, kó sì wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ti fi ilẹ̀ náà dúró láti yáwó.

Kí ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn?

Èyí tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí yín, wọ́n kọ ọ́ láti dáàbò bo ara wọn ni. Kò burú, ẹnikẹ́ni ló máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ni kí ẹ kọ tiyín mọ́ ọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wá ni ibi tí iṣẹ́ wọn parí sí. Ọ̀pọ̀ àdéhùn á sọ pé "a ó kó ilé dé orí ilẹ̀ oníbàárà", wọn á sì dákẹ́. Ta ló máa sanwó kéréènì? Ta ló máa so àwọn abala pọ̀, tó máa dí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé kí òjò má baà wọlé? Ta ló máa fa omi àti iná? Bí kò bá sí nínú ìwé, ẹ̀yin lẹ ni ín. Mo fẹ́ kí ìwé náà sọ pé iṣẹ́ wọn kò parí títí ilé á fi jókòó sórí ìpìlẹ̀, tí iná á tàn, tí omi á máa yọ, tí òjò kò sì ní wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́. Kì í ṣe "ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ" lásán, àfi kí wọ́n sọ ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà ti bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa yọ kúrò nínú owó wọn fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi pẹ́.

Iye owó náà ní ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀. Láti Okudu 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò rẹ̀ lọ́jà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti fi gbólóhùn kan síbẹ̀ pé bí dọ́là bá gòkè, iye owó ilé máa gòkè. Ẹ má kọ̀ ọ́ pátápátá, torí irin àti ẹ̀rọ wọn lè ti òkè òkun wá lóòótọ́. Àmọ́ kí wọ́n kọ ìwọ̀n dọ́là tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n ti máa wo ìwọ̀n tuntun, iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, àti pé bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ lè gba owó yín padà. Ẹ tún bi wọ́n bóyá VAT, ìyẹn ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti wà nínú iye tí wọ́n dá. Mo ti rí ẹni tí wọ́n bù ú lé lórí nígbà tó ti san gbogbo owó tán.

Wọ́n ní kí n san ìdá 70 sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?

Bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀ ni. Kò pọn dandan kí ẹ san án bẹ́ẹ̀. Ilé búlọ́ọ̀kù ṣeé fojú rí: ẹ san owó, ẹ rí ògiri lọ́la. Ti ilé àtòpọ̀, inú ọgbà ẹlòmíràn, ní ìlú mìíràn, ni owó yín wà. Ìdí nìyẹn tí owó àsansílẹ̀ fi yẹ kó kéré.

Ká ní mílíọ̀nù 20 náírà ni ilé. Èyí tí mo máa ń gbà wọ́n níyànjú ni mílíọ̀nù 3 nígbà tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé. Mílíọ̀nù 6 nígbà tí ẹ bá fojú ara yín rí abala ilé nínú ilé iṣẹ́ wọn. Mílíọ̀nù 6 nígbà tó bá ti jókòó sórí ìpìlẹ̀. Mílíọ̀nù 4 lẹ́yìn tí iná àti omi bá ti ṣiṣẹ́. Kí mílíọ̀nù 1 tó kù wà lọ́wọ́ yín fún oṣù mẹ́fà, kí òjò kan tó rọ̀ dáadáa lé e lórí. Ẹ lè yí iye wọ̀nyí padà, àmọ́ ẹ má yí bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra padà.

Nígbà tí ẹ bá lọ wo abala ilé náà, ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára, kí nọ́ńbà yẹn sì wọ inú rìsíìtì yín, pẹ̀lú gbólóhùn pé ohun tí ẹ ti sanwó rẹ̀ ti di tiyín. Bí gbèsè bá dé bá ilé iṣẹ́ náà lọ́la, ẹ óò lè tọ́ka sí i pé èyí kì í ṣe ẹrù wọn.

Bí ìjọba kò bá fọwọ́ sí i ńkọ́, tí mo sì ti sanwó?

Bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí, àfi tí ẹ kò bá kọ ọ̀nà ẹ̀yìn sínú ìwé. Gbólóhùn tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò gùn: àdéhùn yìí kò ní múlẹ̀ títí ìwé àṣẹ ìkọ́lé á fi jáde, bí kò bá jáde láàárín iye oṣù tí a jọ fẹnu kò sí, ẹni tó ń tà á máa dá owó padà, yóò sì yọ kìkì iye owó àwòrán tó ti yà. Bí wọ́n bá ní àwọn kò lè fọwọ́ sí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ẹ dúró kí ìwé àṣẹ kọ́kọ́ jáde kí ẹ tó san ohunkóhun. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní iye owó máa gòkè ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó gòkè.

Ilé wa wà ní inú lọ́hùn-ún. Ṣé tírélà máa lè wọlé?

Kí ẹ wọn ọ̀nà kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Abala ilé kan lè fẹ̀ ju mítà 3 lọ, bẹ́ẹ̀ àdúgbò wa àtijọ́ kún fún kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ méjì kò lè pàdé sí. Ní ọdún kan, a bá oníbàárà kan dúró ní òru títí ilẹ̀ fi mọ́. Ilé rẹ̀ ti gba Gbọ̀ngán wọlé láìsí wàhálà. Kọ̀rọ̀ ìkẹyìn, tí kò ju ojúlé mẹ́fà sí ilẹ̀ rẹ̀, ni kò gba tírélà. Ilé iṣẹ́ ní àwọn ti dé "orí ilẹ̀ oníbàárà" débi tí ọkọ̀ lè dé. Ó sanwó ọkọ̀ kékeré, ó sanwó kéréènì kejì, wọ́n sì ya ògiri abala kan níbi tí wọ́n ti ń yí i. Ẹnikẹ́ni kò san owó ògiri náà fún un, torí àdéhùn kò sọ ẹni tó ni ewu ojú ọ̀nà.

Ẹ ní kí awakọ̀ wọn tàbí ẹnjiníà wọn wá wo ọ̀nà, kó fọwọ́ sí i pé òun wò ó. Kí ewu ojú ọ̀nà jẹ́ tiwọn títí ilé á fi jókòó. Ẹ tún gbójú sókè wo wáyà. Bí kéréènì bá máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná, ẹ kọ lẹ́tà sí IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, ṣáájú kí wọ́n lè pa iná ọjọ́ náà. Ẹ̀mí èèyàn wà nínú èyí.

Ìpìlẹ̀ ńkọ́? Mo ti ní bíríkìlà tèmi.

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ wọ́n níyà. Bíríkìlà yín á ṣe ìpìlẹ̀, ilé iṣẹ́ á gbé ilé dé, ibi tí wọ́n máa dè é mọ́ kò ní bára mu, oníkálukú á sì máa tọ́ka sí ẹnì kejì. Bí ẹ bá fẹ́ lo bíríkìlà yín, kí ilé iṣẹ́ fún un ní àwòrán ìpìlẹ̀, kí ẹnjiníà wọn wá yẹ ìpìlẹ̀ náà wò kí abala kankan tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, kó sì fọwọ́ sí i pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Lẹ́yìn ìbuwọ́lù yẹn, bí ilé bá wọ́, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ àbàtà tàbí ilẹ̀ tí wọ́n kó erùpẹ̀ dí, ẹ ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀. Owó rẹ̀ kéré sí owó ìpìlẹ̀ tó rì.

Ilẹ̀ mi sún mọ́ odò Ọ̀ṣun. Ṣé ó burú?

Ó lè dí yín lọ́wọ́ pátápátá. Igbó Ọ̀ṣun, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ni UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, ilẹ̀ ìdáàbòbò sì wà yí i ká tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ́lé sí bó ṣe wù ú. Yàtọ̀ sí ti igbó yẹn, odò àti ìṣàn omi gbogbo ní àyè tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún wọn. Ilé àtòpọ̀ kì í wúwo tó ilé búlọ́ọ̀kù, ìyẹn gan-an sì ni kò jẹ́ kí n fẹ́ ẹ lójú omi.

Ẹ wo òkè náà. Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, nítorí náà wáyà ńlá gba orí ilẹ̀ wa kọjá ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Lábẹ́ wáyà 330 kilovolt, mítà 50 lápapọ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ kọ́lé sí. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń pọ́ọ́kú. Ẹ má jẹ́ kó wọ̀ yín lójú.

Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ ra ọ̀kan ránṣẹ́. Ó ní ìjọba ibẹ̀ ti lu èdìdì sí i.

Ẹ kí i, ọmọ rere ni. Àmọ́ ẹ bi í léèrè irú èdìdì tó rí. Ní Amẹ́ríkà, ilé tí wọ́n ń pè ní manufactured ń tẹ̀ lé òfin HUD ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Okudu 1976; ilé modular sì ń tẹ̀ lé òfin ìkọ́lé ìpínlẹ̀ tàbí àdúgbò tí wọ́n máa gbé e sí. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Òṣogbo lọ́kàn. Èdìdì méjèèjì kò rọ́pò ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ohun mìíràn tí àwọn èèyàn kì í rò ni iná. Iná 120 fólìtì ló ń wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé níbẹ̀, 230 ni tiwa. Ohun èlò tí wọ́n ṣe fún iná 120 nínú ilé náà lè jóná lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Igi ló sì pọ̀ jù nínú ilé wọn, ẹ̀yin sì mọ ikán ilẹ̀ wa. Kí àdéhùn sọ irú iná tó máa wà nínú ilé, àti òògùn ikán tí wọ́n fi pa igi rẹ̀. Kí ó sọ ẹni tó máa san owó aṣọ́bodè àti ti ìwé SON (àjọ tó ń yẹ bí ọjà ṣe dára tó wò) ní èbúté, àti ẹni tó máa san owó ìdúró bí ẹrù bá pẹ́ níbẹ̀. Kí ọmọ yín gba gbogbo èyí kó tó san kọ́bọ̀.

Ìyá mi ló máa fọwọ́ sí ìwé, kò sì ka òyìnbó.

Kí ẹni tó kọ ìwé náà kà á fún wọn ní Yorùbá láti òkè délẹ̀, kó túmọ̀ rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sórí ìwé náà pé wọ́n kà á, pé ó yé màmá kí wọ́n tó tẹ̀ka. Orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kọ ìwé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Òfin ló fi lélẹ̀ láti dáàbò bo ẹni tí kò kàwé. Èmi máa ń ní kí màmá fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́ padà fún wa. Bí wọn kò bá lè sọ ọ́, kò tíì yé wọn, ẹ má tíì gbé íńkì wá.

Ṣé bánkì lè yá mi lówó rà á?

Ilẹ̀ ni bánkì fẹ́ rí ìwé rẹ̀, nítorí ilẹ̀ ni wọ́n máa fi dúró. Bí ìwé ilẹ̀ àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé bá pé, ẹ lè lọ bá wọn sọ ọ́. Lórí ilẹ̀ ẹbí tí wọn kò tíì pín, mi ò tíì rí èyí tó gbà.

Bí wọ́n bá já mi kulẹ̀, ibo ni kí n gbé e lọ?

Ẹ ka ojú ìwé tó kẹ́yìn àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Bí ó bá sọ pé Èkó nìkan ni wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́, ẹ ní kí wọ́n fi Òṣogbo kún un. Bó bá jẹ́ onílàjà ni, Òfin Ìlàjà ti 2023 ló máa darí rẹ̀. Kí wọ́n kọ ìlú tí wọ́n máa jókòó sí, àti ẹni tó máa san owó onílàjà. Ẹ tún lè kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tí òfin 2018 gbé ẹ̀tọ́ oníbàárà lé lọ́wọ́. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́, ẹ má sì sanwó sí àpò ajẹ́ńtì. Àpò tó ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà nínú àdéhùn nìkan ni kí ẹ san án sí.

Nípa gàràǹtí, kí wọ́n ya ti òrùlé, ti iná àti ti àwọn irin tó gbé ilé dúró sọ́tọ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣì múlẹ̀ bí ẹ bá lo bíríkìlà tiyín.

Wọ́n ti tò ó tán, a ti kó wọlé. Ìwé wo ló kù?

Ẹ padà sí ọ́fíìsì tó fún yín ní àṣẹ, kí wọ́n wá wò ó bóyá ohun tó dúró bá plánù tí wọ́n fọwọ́ sí mu, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé ìparí iṣẹ́. Ẹ gba mítà iná ní orúkọ ara yín. Kí ilé iṣẹ́ fún yín ní àwòrán ibi tí wáyà àti páìpù gbà nínú ògiri, torí ẹni tó máa kan ìṣó mọ́ ògiri yẹn ní ọdún mẹ́wàá sí i kò ní mọ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé náà ní mẹ́ta: ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ lọ́yà, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ tàbí àbúrò tí kò sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú yín.